Ilé Aṣọ: Bí A Ṣe Pàgọ́ Kiri Ilẹ̀ Yúróòpù

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí jẹ mọ́ irú àjò kan tí ó jẹ́ pé ilé ni a gbé dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe ilé náà, okùn ni ó gbé e ró, èèkàn irin ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tú u palẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́rọ̀, a ó tún un pa sí ìlú mìíràn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni èmi, aya mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta fi gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, láti etíkun Faransé títí dé bèbè odò Mosel ní ilẹ̀ Jámánì, kí a tó gba ilẹ̀ Họ́láńdì àti Bẹ́ljíọ̀mù padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ tó bi mí léèrè ohun tí ó gbé àgbàlagbà tí ó ní òrùlé lórí dé abẹ́ àgọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ni ó fún mi láyè ọdún kan láti lọ ṣe ìwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì kó aya àti ọmọ dání. Nígbà tí ìsinmi ilé-ìwé àwọn ọmọ kù sí dẹ̀dẹ̀, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí a jọ ń lo yàrá kan náà níbi iṣẹ́ bi mí pé níbo ni a ó lọ. Mo ní a kò ní lọ síbì kankan, nítorí owó òtẹ́ẹ̀lì fún ènìyàn márùn-ún kì í ṣe owó olùkọ́. Ó ní òun àti ọkọ òun kì í sùn ní òtẹ́ẹ̀lì rárá; láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni wọ́n ti ń pàgọ́ lọ́dọọdún. Mo wo obìnrin yìí láti òkè dé ilẹ̀. Mo ti dé ilé rẹ̀ rí. Kì í ṣe ilé tálákà. Mo bi í pé kí ni ó ń lé wọn jáde kúrò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ sùn lórí koríko. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn.

Nígbà tí aya mi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn lórí fóònù, màmá ní kí ó gbé fóònù náà fún mi. "Bàbá Fọlákẹ́," ni wọ́n wí, "ẹ dákun, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi. Ṣé onílé ti lé yín jáde ni?" Mo ní rárá o, màámi, ìgbafẹ́ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìgbafẹ́? Nínú igbó? Pẹ̀lú ọmọ ọdún márùn-ún?" Wọ́n ní ó dára, àwọn yóò máa gbàdúrà.

Kì í ṣe pé ìran Yorùbá kò mọ ohun tí ó ń mú ènìyàn fi ilé sílẹ̀ lọ gbé inú ahéré. Ìbàdàn tí wọ́n bí màmá sí gan-an, ìlú tí ó kún fún ẹni tí ó ní ilé nígboro tí ó sì tún ní abà lóko ni. Wọn a lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́hùn-ún nígbà iṣẹ́, wọn a sì wọlé nígbà ọdún, nígbà ìgbéyàwó àti nígbà òkú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó ń gbé wọn lọ sí abà. Ilé ni wọ́n ń sinmi sí. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àwọn Òyìnbó yí òwe yìí kọjú sẹ́yìn: ìgboro ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, inú koríko ni wọ́n ń lọ sinmi sí. Ohun tí kò yé màmá ni pé kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìyà tí àwọn àgbà fi gbogbo ayé wọn sá fún, kí ó sì máa pè é ní fàájì. Kí n sọ òótọ́, kò yé èmi náà nígbà náà.

Mo bá wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Láti ayébáyé ni àwọn ọmọ ogun, darandaran àti àwọn tí ń ṣí kiri ti ń sùn lábẹ́ àgọ́, ṣùgbọ́n pé kí ẹni tí ó ní ibùsùn mọ̀ọ́mọ̀ lọ sùn níbẹ̀ nítorí adùn rẹ̀, àṣà tuntun ni. Ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní baba rẹ̀ ni Thomas Hiram Holding, aránṣọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1853, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 9, àwọn òbí rẹ̀ mú un la pápá gbalasa Amẹ́ríkà kọjá pẹ̀lú àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ìrìn náà kò sì jáde lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó fi ọgbọ́n iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rán àgọ́ fúyẹ́fúyẹ́ tí ènìyàn lè dì mọ́ ẹ̀yìn básíkùlù. Ní 1901 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn oníbásíkùlù tí ń pàgọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó wà títí di òní lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ní 1908 ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni ó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ràn láti máa rántí bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn ará Jámánì tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Arist Dethleffs, ẹni tí ilé-iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ń ṣe pàṣán, a máa rìn jìnnà láti ta ọjà. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Fridel Edelmann, tí ó jẹ́ ayàwòrán, kò fẹ́ kí ó máa fi òun sílẹ̀ lọ. Ní 1931, ọkùnrin náà kan ilé kékeré onítáyà kan tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè fà, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa rìn. Irú ilé àfàkiri yìí ni ó ń dí ọ̀nà lọ́wọ́ lónìí ní gbogbo ìgbà ooru ní Yúróòpù, tí àwọn awakọ̀ tó kù sì ń ṣépè lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n aránṣọ kan àti ọkọ ayàwòrán kan kò lè sọ ohunkóhun di àṣà gbogbo ìlú. Òfin ni ó ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 1936, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Faransé, ìjọba Léon Blum ṣe òfin pé kí òṣìṣẹ́ máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ má sì dín. Léo Lagrange, tí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá àti ìgbafẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀ nínú ìjọba náà, ṣètò tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi 40 dín nínú 100 owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò fi ojú rí òkun rí ni ó rí i lọ́dún náà. Ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́ta ní 1956, ó di mẹ́rin ní 1969, ó di márùn-ún ní 1982. Àyè wá wà láti lọ, ṣùgbọ́n owó òtẹ́ẹ̀lì kò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ní ọmọ mẹ́rin. Àgọ́ ni ó dí àlàfo náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Òyìnbó tí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú àgọ́ rẹ̀ tí ó ń wo òfuurufú, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Owó oṣù rẹ̀ ń wọlé bí ó ti jókòó yẹn.

Àgọ́ tiwa jẹ́ àlòkù. Pọ́n-ùn 70 ni a rà á lọ́wọ́ ìdílé kan tí àwọn ọmọ wọn ti dàgbà. Ó ní yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré láàrin, pẹ̀lú aṣọ nínípọn tí a ń tẹ́ sílẹ̀ kí òtútù má bàa gòkè. A rí tìmùtìmù tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, a rí àpò tí a ń wọ̀ sùn, a ra sítóòfù gáàsì olójú méjì. Inú mi ti ń dùn pé ohun gbogbo ti parí. N kò mọ̀ pé a kò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Bí obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rẹ́ mi bá fẹ́ lọ, yóò di ẹrù sínú ọkọ̀ ni, yóò sì máa lọ. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ni yóò sùn. Ó ní adùn ibẹ̀ gan-an nìyẹn, pé ènìyàn kò mọ ibi tí yóò jí sí. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ gba físà kí ó tó wọ Faransé tàbí Jámánì. Lọ́dún 2019, yúrò 60 ni àgbà ń san; ọmọ tí ó bá ti pé ọdún 12 ń san bí àgbà, àwọn tí ó wà láàrin ọdún 6 sí 11 ń san 35, àwọn tí kò tó ọdún 6 kò san nǹkan. Fọlákẹ́ jẹ́ ẹni ọdún 13, ọmọkùnrin wa jẹ́ 9, àbíkẹ́yìn jẹ́ 5. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: yúrò 215, láì ka owó àwọn tí ń gba ìwé, láì ka owó ìbánigbófò tí ó gbọ́dọ̀ lè san tó 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Lónìí, yúrò 90 ni ti àgbà láti ọdún 2024.

Owó náà kọ́ ni ó dùn mí jù. Ìwé náà ń béèrè ibi tí a ó sùn ní òru kọ̀ọ̀kan. Mo kọ orúkọ àwọn ibùdó àgọ́ síbẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó gba ìwé wa wò ó, ó bi mí pé òtẹ́ẹ̀lì wa dà. Mo ní a kò ní òtẹ́ẹ̀lì, àgọ́ ni a ó máa pa. Ó gbé ojú sókè, ó wo aya mi, ó wo àwọn ọmọ, ó tún wo èmi tí mo wọ kóòtù tí mo sì so táì. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bá a lára mu: kí ìdílé aláwọ̀ dúdú kan fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ń bọ̀ wá sùn lábẹ́ àgọ́ nílẹ̀ Yúróòpù! Ó dá ìwé wa padà. A kọ̀wé sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, a san àsansílẹ̀, a tẹ ìwé ẹ̀rí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, òru 13 tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àwọn tí ó ni àṣà náà ń lọ bí ẹyẹ. Àwa lọ bí ọkọ̀ ojú irin, lórí irin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún wa.

Ohun kan tù mí nínú nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú fẹ́rì ní Calais. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wakọ̀ sí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tiwa ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Oṣù mẹ́wàá ni mo ti fi ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ní Calais, ó dà bí ẹni pé mo padà sí òpópónà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, yàtọ̀ sí pé ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ náà wà, aya mi ni ó sì ń bá mi yọjú bí mo bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Reims ni a kọ́kọ́ sùn sí. Ní Faransé, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú ni ó ní ibùdó àgọ́ tiwọn, àwọn wọ̀nyí ni ó sì dẹ̀rọ̀ jù fún ẹni tí kò lówó. Yúrò 16 ni a san fún òru kan, àwa márààrún pẹ̀lú ọkọ̀. Wọ́n fi ààyè ilẹ̀ kan hàn wá tí igi kúkúrú yí ká. Omi wà, iná wà, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti sùn rí. Èmi àti ọmọkùnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá èèkàn. Ó gbà wá ní wákàtí méjì, àgọ́ náà sì tún wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí fìlà abetí ajá.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ máa ń sọ pé Òyìnbó kì í kíni, ẹ lọ sí ibùdó àgọ́ ní Faransé. Láàárọ̀, bí o ti ń lọ wẹ ojú rẹ, gbogbo ẹni tí o bá pàdé ni yóò wí pé "Bonjour", tọmọdé tàgbà, ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Nílé búrẹ́dì, àbíkẹ́yìn mi nawọ́ sí ohun tí ó fẹ́, ìyá tí ń tajà kò dá a lóhùn, ó kàn dúró ti ojú rẹ̀. Ìgbà tí aya mi wí pé "Bonjour, madame" ni ojú obìnrin náà tó là. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ rí i, ìyá àgbà yín ní Ìbàdàn kò bá ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí kò kí ènìyàn kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí ó bá mi lójijì ni ti àwo fífọ̀. Ojúkan ṣoṣo ni gbogbo ibùdó ti ń fọ abọ́, àwọn ọkùnrin ni mo sì rí tí wọ́n ń gbé bàsíà àwo dídọ̀tí lọ ní ìrọ̀lẹ́, baba arúgbó, baba ọlọ́mọ, wọ́n tò sídìí omi wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Aya mi kò sọ ohunkóhun. Ó kàn gbé bàsíà tiwa, ó gbé e sí ìdí ẹsẹ̀ mi. Ọ̀mọ̀wé gbé àwo. Ọjọ́ kejì, mo ti mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó lóṣù tí ń bọ̀ àti ẹni tí orúnkún ń dùn. Ìdí omi náà ni mo ti gbọ́ ọ̀nà tí kò ní owó ibodè, ọjà tí nǹkan ti dẹ̀rọ̀, àti ibùdó tí omi gbígbóná rẹ̀ ń fẹ́ owó ẹyọ lọ́tọ̀.

Ní ti oúnjẹ, ata díndín tí aya mi ti dì sínú ìgò ńlá mẹ́ta ni ó gbà wá. Ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí àti búrẹ́dì gígùn àwọn ará Faransé ni a fi ń jẹ ẹ́. A gbé ẹran gbígbẹ dání pẹ̀lú. Lọ́dún náà kò sí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn tí Ìlú Ọba kúrò nínú àjọ Yúróòpù, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gbé ẹran tàbí wàrà láti ibẹ̀ wọ Faransé mọ́. Àwọn ohun tí a wò jẹ́ ohun ọ̀fẹ́: a wọ ilé ìsìn ńlá Reims tí wọ́n ti ń gbé adé lé àwọn ọba Faransé lórí, a dúró níwájú ẹnubodè dúdú tí àwọn ará Róòmù kọ́ sí Trier, a lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún.

Bèbè odò Mosel ni ojú wa ti rí màbo. A dé ibùdó náà ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, igi ìdábùú ọ̀nà ti wá sílẹ̀. Láàrin aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ibùdó ní Jámánì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé tàbí jáde, nítorí àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. A jókòó sínú oòrùn títí aago fi lu mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mo yan ibi tí ó tẹ́jú jù lọ. Aya mi ní ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Mo ní ibi tí ó tẹ́jú ni ó yẹ ènìyàn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí tẹlifíṣàn, agbára fóònù ti tán, ọmọkùnrin mi ní kí n pa àlọ́. Láti ìgbà tí a ti dé Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọmọ yìí ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì sọ ọ́ síta. Mo bẹ̀rẹ̀ àlọ́ Ìjàpá kan. Nígbà tí ó kan orin, àbíkẹ́yìn gbè é, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbè é, títí kan Fọlákẹ́ tí ó ti di etí pẹ̀lú rẹ́díò láti Calais. Wọ́n ń gbè é lọ sókè, mo ń gbé e lọ sókè. A kò rántí pé aago mẹ́wàá ti kọjá. Ẹnì kan rọra kan aṣọ àgọ́ wa. Bàbá ará Họ́láńdì kan tí àgọ́ rẹ̀ kángun sí tiwa ni. Ó ní orin náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń sùn. Ojú tì mí. Mo parí àlọ́ náà ní ohùn jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ sì ń fi ètè lásán gbe orin.

Òjò dé ní òru. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ibi tí ó tẹ́jú ni omi wá sinmi sí. Tìmùtìmù àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Mo jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo bá bàbá ará Họ́láńdì náà níta nínú ẹ̀wù òjò, ó ti mú òòlù dání, ó ń fà èèkàn wa tu. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni mo gbá lóòró. Ó yẹ kí orí wọn dà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àgọ́ kí okùn má bàa fà wọ́n yọ. Èmi, òun àti aya rẹ̀ gbé àgọ́ náà lódindi lọ sí ibi tí ó ga, bí àwọn tí ń gbé pósí. Aya mi dúró tì wá pẹ̀lú ọmọ léyìn, kò sọ pé mo wí fún ọ. Kò tí ì sọ ọ́ títí di òní, èyí ni ó sì burú jù. Láàárọ̀ a fi ẹ̀wà àti ata díndín ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dá àwo padà pẹ̀lú wàràkàṣì nínú rẹ̀; nínú àṣà tiwọn náà, ó jọ pé àwo kì í padà lófìfo.

Ibùdó tí a ń sanwó fún ni mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tí ó bá pàgọ́ sí ibi tí ó wù ú yóò sanwó ìtanràn. Àwọn ìlú apá àríwá ni ó yàtọ̀. Ní Nọ́wè, òfin ọdún 1957 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti pàgọ́ sórí ilẹ̀ tí a kò dáko sí, bí ó bá ti jìnnà tó mítà 150 sí ilé tí ènìyàn ń gbé, kò sì gbọdọ̀ ju òru méjì lọ láìgba àṣẹ. Swídìn ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Skọ́tláńdì kọ tirẹ̀ sínú òfin ní 2003. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí a ti padà wálé ni ó wù mí jù, nítorí ẹjọ́ lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ni. Òfin kan ti ọdún 1985 gba ará ìlú láàyè láti wọ pápá Dartmoor fún ìgbafẹ́ ní ìta gbangba. Tọkọtaya tí ó ni ilẹ̀ ńlá kan níbẹ̀ lọ sí kóòtù, wọ́n ní ẹni tí ó sùn kò gbafẹ́: oorun ni oorun ń jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, adájọ́ gbè wọ́n. Ní oṣù keje ọdún náà, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi òǹtẹ̀ lù ú pé sísùn lábẹ́ àgọ́ lè jẹ́ ìgbafẹ́. Mo kà á, mo rántí ọmọbìnrin tí ó béèrè òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi, mo sì rántí Calais.

Ọjọ́ tí a ń padà lọ ni. Odi wáyà funfun gíga ni wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó lọ sí èbúté náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ìjọba Faransé tú ibùdó ńlá tí àwọn aṣíkiri ń gbé ní ìlú yẹn ká, wọ́n kó àwọn ènìyàn tí ó lé ní 6,000 lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tún ń dé, láti Súdáànì, láti Ẹ̀rìtíríà, láti Afgánísítáànì, wọ́n ń wá ọ̀nà àtisọdá sí Ìlú Ọba. Wọ́n ń pàgọ́ kéékèèké sínú igbó ẹ̀gbẹ́ ìlú, àwọn ọlọ́pàá sì ń tú wọn lemọ́lemọ́. Ọkọ̀ wa ń rákò bọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ nígbà tí àbíkẹ́yìn mi nawọ́ jáde: "Dádì, ẹ wò ó! Àgọ́ tiwọn náà dà bíi tiwa." Yorùbá ni ó fi sọ ọ́.

Òótọ́ ni. Aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà bí ẹni pé ìyá kan náà ni ó bí i pẹ̀lú tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, dúdú bí tèmi, ń sá ìbọ̀sẹ̀ sórí okùn àgọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń sá ti àwọn ọmọ mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ọmọkùnrin mi bi mí pé ṣé ìgbafẹ́ ni àwọn náà wá. Mo ń wá ohun tí n ó sọ. Fọlákẹ́ ní kí ó dákẹ́.

Níbi àyẹ̀wò, wọ́n yẹ físà wa wò síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ní kí n ṣí búùtù. Ó rí àgọ́ náà tí a dì mọ́lẹ̀, ó bi mí pé ti ta ni. Mo ní tiwa ni. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kiri láti mọ̀ bóyá ènìyàn wà nínú rẹ̀, ó gbé ìgò ata sókè wò ó sí oòrùn, ó ní ká máa lọ. Aya mi kò sọ̀rọ̀ títí fẹ́rì fi gbéra.

Nígbà tí mo ṣírò owó wa ní Lọ́ńdọ̀nù, yúrò 304 ni a san fún òru 13, pọ́n-ùn 148 fún fẹ́rì. Bí a bá pa owó físà, owó àwọn tí ó gba ìwé, owó ìbánigbófò àti owó ọkọ̀ ìgbà méjì tí a lọ pọ̀, owó tí a san kí wọ́n tó gbà wá láàyè láti sùn lórí koríko fi díẹ̀ ju owó koríko náà lọ. Síbẹ̀ yàrá méjì ní òtẹ́ẹ̀lì kò bá ti tán gbogbo rẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́rin.

Àgọ́ náà bá wa padà sí Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Mo pa á sí àgbàlá màmá kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú àbíkẹ́yìn, wọ́n jáde, wọ́n ní ooru inú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n wá fi ọwọ́ yẹ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ìyẹn dára. Èlùbọ́ ni wọ́n ń sá lé e lórí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Méjì nínú àwọn èèkàn náà ni wọ́n fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, orí wọn sì dà sẹ́yìn bí ó ti yẹ.